Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Ra Alùpùpù Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́rin fún Oko, Ọdẹ àti Ọ̀nà Igbó ní Àbújá

"Cc mélòó ni?" Ìbéèrè tí olùtajà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nìyẹn, ìyẹn báwo ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe tóbi tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á béèrè bóyá èyí tó pupa wà. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó fẹ́ ra alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó kúrò nílé ló yẹ kó ti mọ ẹrù tó wúwo jù tí yóò máa fi fà, irú ilẹ̀ tí yóò máa gbà, àti ẹni tí yóò máa bá a tún un ṣe. Ẹni tó ní oko iṣu ní Kwali, ọdẹ tó ń dẹ̀gbẹ́ lápá Abaji, àti ẹni tó kàn fẹ́ máa gun àwọn òkè olókùúta ẹ̀yìn Bwari lọ́jọ́ Sátidé, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbé fún ọkọ̀ náà. Iye cc nìkan kò sọ èyí tó bá ẹnì kankan mu nínú wọn.

Ríra ti eré fún iṣẹ́ ẹrù

Èyí tí wọ́n ṣe fún eré máa ń fúyẹ́, ṣọ́kì rẹ̀ gùn, táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Kò ní kárìà, kò sì ní ibi tí a ó ti so tírélà kékeré mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ ní kárìà níwájú àti lẹ́yìn, ó ní jíà L tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára, ó ní ibi ìsokọ́ lára ṣáásì, ó sì ní bọ́tìnnì tí a máa ń tẹ̀ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ máa fà. Àwọn kan á ra ti eré nítorí ẹwà rẹ̀, wọ́n á wá ní kí wẹ́lídà jó irin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kó di kárìà. Irin tínínrín tó wà lábẹ́ ìjókòó ni wọ́n máa ń jó o mọ́, ẹni tó jókòó nìkan ni wọ́n sì ṣe irin yẹn fún. Ibi tí wọ́n jó gan-an ni yóò kọ́kọ́ là.

Èyí tó tún léwu ni àwọn kékeré oní 110cc àti 125cc tí wọ́n fi ike ńláńlá bò kó lè jọ ti àgbà. Ẹ́ńjìnnì wọn kò ju ti ọ̀kadà lásán lọ, odindi ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló sì ń gbé, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní jíà L. Àgbàlagbà tó bá fi gun òkè pẹ̀lú ẹrù yóò gbọ́ òórùn ẹ́ńjìnnì tó ń jóná kó tó dé orí òkè. Ní ìdà kejì, kí ẹ má gbé ti àgbà fún ọmọ yín. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16 kò gbọdọ̀ wà á.

Kí a máa fi í gbé èrò bí ọ̀kadà

Ìjókòó rẹ̀ gùn, ojú wa sì ti mọ́ ọ̀kadà tó ń gbé ẹni méjì. Ìdí nìyí tí àṣìṣe yìí fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ṣe ìjókòó yẹn gùn kí awakọ̀ lè sún síwájú bó bá ń gun òkè, kó sún sẹ́yìn bó bá ń sọ̀ kalẹ̀, kó sì fẹ̀gbẹ́ bó bá ń yí kọ́nà. Bí ẹnì kejì bá jókòó sẹ́yìn, ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn, awakọ̀ kò ráyè sún mọ́. Níbi tí òkè bá ti ga, iwájú ọkọ̀ á gbé sókè, yóò sì dà bo àwọn méjèèjì. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ sì lè ju 300 kílò lọ.

Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé ẹnì kejì lọ sóko tàbí sígbó, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀ pé ti ẹni méjì ni, tàbí kí ẹ ra oríṣi tó ní ìjókòó méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, síárìn, bẹ́líìtì ìjókòó àti irin tó yí orí ká. Ó fẹ̀ ju èyí tí a ń sọ lọ, kò ní gba àárín igi tóóró kọjá, ṣùgbọ́n ẹ̀mí èèyàn ló ṣáájú.

Ìṣirò ẹrù

Ibí yìí ni owó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò jù, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Nọ́ńbà mẹ́rin ni ẹ ó wá nínú ìwé ọkọ̀ tàbí lára àlẹ̀mọ́ tó wà lára rẹ̀: ohun tí kárìà iwájú lè gbé, ti kárìà ẹ̀yìn, àpapọ̀ gbogbo ohun tó lè wà lórí ọkọ̀, àti ohun tó lè fà. Honda Rancher 420, bí àpẹẹrẹ, 30 kílò ni ti iwájú, 60 kílò ni ti ẹ̀yìn, ó sì lè fa nǹkan bíi 385 kílò. Yamaha Grizzly 700 lè gbé 50 níwájú, 90 lẹ́yìn, kó sì fa 600.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni pé wọ́n máa ń gbàgbé pé tírélà fúnra rẹ̀ wà nínú ohun tí ọkọ̀ ń fà. Irin tí wọ́n ń jó ní àdúgbò wa kì í fúyẹ́. Bí tírélà bá jẹ́ 120 kílò, 265 ló kù fún Rancher. Àpò ajílẹ̀ márùn-ún nìyẹn, 50 kílò lọ́nà márùn-ún, kò gba ẹ̀kẹfà. Ọgọ́rùn-ún iṣu tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò mẹ́ta ti di 300, ó ti kọjá. Dúrọ́ọ̀mù omi 200 lítà jẹ́ 200 kílò láìka irin rẹ̀. Tánkì 1,000 lítà jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, kò sí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó lè fà á. Dúrọ́ọ̀mù tó dé ìdajì tún burú lórí òkè ju èyí tó kún lọ, nítorí omi inú rẹ̀ á máa gbá síwá gbá sẹ́yìn, á sì máa ti ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà.

Àṣìṣe kejì wà lórí àpapọ̀. Ká ní ìwé sọ pé gbogbo ohun tó wà lórí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju 220 kílò lọ. Awakọ̀ jẹ́ 110, wíńṣì (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ yọ nínú ẹrẹ̀) àti irin ìdáàbòbò iwájú jẹ́ 25, ẹnu tírélà tó tẹ ìkọ́ jẹ́ 15. Ó ku 70. Kárìà iwájú àti ẹ̀yìn lè sọ pé àwọn gba 90, ṣùgbọ́n ṣọ́kì, áàsì àti búréèkì kò gbà á mọ́. Ọdẹ tó pa akọ ìgalà tó tó 50 kílò, tó sì ní kẹ́ẹ̀gì epo 25 lítà lẹ́yìn, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo 70 yẹn tán. Kẹ́ẹ̀gì epo náà kò tiẹ̀ gbọdọ̀ wà nítòsí sàléńsà rárá.

Ìwọ̀n ẹnu tírélà náà ṣe pàtàkì. Lórí àwọn ọkọ̀ kan, 15 kílò péré ni ìkọ́ gbà láàyè, bí ẹrù tó ń fà tilẹ̀ pọ̀. Ẹ kó ẹrù wíwúwo sórí áàsì tírélà gan-an, kí díẹ̀ ṣẹ́kù síwájú. Bó bá pọ̀ sẹ́yìn ju iwájú lọ, tírélà á gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, yóò sì máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ẹ má so okùn tàbí ẹ̀wọ̀n mọ́ kárìà láti fa nǹkan. Lára ìkọ́ tó wà nísàlẹ̀ ni a ti ń fà, nítorí bí ibi tí à ń fà bá ṣe ga tó ni iwájú yóò ṣe tètè gbé sókè tó. Nọ́ńbà inú ìwé, ti ilẹ̀ tó tẹ́jú ni. Ní òkè àti pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ oṣù kẹjọ, ẹ dín in kù dé ìdajì, kí eré yín má sì kọjá kìlómítà 15 ní wákàtí kan.

Àìbéèrè bóyá bẹ́líìtì ni tàbí jíà

Olùtajà kì í sábà dá a sọ. Honda Rancher àti Foreman ń lo jíà. Polaris Sportsman, Can-Am Outlander àti Grizzly ń lo bẹ́líìtì rọ́bà tó ń yí láàárín púlì méjì. Méjèèjì dára, ìlò wọn ló yàtọ̀. Oníbẹ́líìtì rọrùn, ẹ ó kàn tẹ ìka ni, òun ló sì ń tètè bà jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó fi H, jíà tí a fi ń sáré, fa tírélà gun òkè díẹ̀díẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ á máa yọ̀ lórí púlì, á gbóná, á máa dán, á sì já. Òórùn rọ́bà tó ń jóná ni ìkìlọ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ bá ti gbọ́ ọ, ẹ dúró, kó tutù. Nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń fà, tẹ́ ẹ bá ń gun òkè, tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹrẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ ń rìn bí ẹni tó ń yára rìn lẹ́sẹ̀, L ni kó wà. Bí omi bá wọ ilé bẹ́líìtì nígbà tẹ́ ẹ sọdá odò, ẹ́ńjìnnì á ké ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní lọ. Ẹ tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ ilé náà kí omi jáde, kí ẹ fi jíà sí N, kí ẹ tẹ iná díẹ̀ kó gbẹ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ dán ìsọ̀kalẹ̀ òkè wò. Ẹ wọ L, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò lórí iná. Ọkọ̀ tó dáa á fi ẹ́ńjìnnì di ara rẹ̀ mú. Èyí tó bá sá lọ geere, búréèkì nìkan ni yóò máa dá a dúró, pẹ̀lú tírélà tó ń tì í láti ẹ̀yìn.

Ọ̀rọ̀ áàsì ẹ̀yìn kò gùn. Oní-áàsì kan gbọọrọ kì í lúlẹ̀ púpọ̀ bí ẹrù bá wà lẹ́yìn, ó dára fún fífà. Èyí tí táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ń dá gòkè-sọ̀kalẹ̀ dára fún orí òkúta, kì í fọ́ni lẹ́yìn, àárín rẹ̀ sì ga kúrò nílẹ̀.

Táyà tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí jù

Bí wọ́n bá kọ 25x8-12 sára táyà, gíga rẹ̀ jẹ́ ínṣì 25, fífẹ̀ rẹ̀ ínṣì 8, rímù rẹ̀ ínṣì 12. Ti ẹ̀yìn sábà máa ń fẹ̀ jù, bíi 25x10-12. Ẹ má yí gíga iwájú padà kí ti ẹ̀yìn wà bó ṣe wà, nítorí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa bá ara wọn jà bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, dífù iwájú, àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà, ni yóò sì san gbèsè rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ psi 5 sí 7. Gééjì àwọn fọkanáísà tó ń lẹ táyà mọ́tò kì í ka iye kékeré bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí náà wọ́n á fẹ́ ẹ dé 25 tàbí 30 kó lè "le." Táyà náà á máa ta bí bọ́ọ̀lù, àárín rẹ̀ nìkan ni yóò máa fọwọ́ kan ilẹ̀, òkúta á sì gún un kíákíá. Ẹ ra gééjì tó ń ka 0 sí 10 tàbí 15, kí ẹ sì máa fi fáńfù ọwọ́ fẹ́ ẹ.

Eruku, ooru àti koríko gbígbẹ

Ọyẹ́ Àbújá kì í ṣeré. Láti oṣù kọkànlá dé oṣù kejì, eruku pupa tó wà lójú ọ̀nà Rubochi lè dí asẹ́ afẹ́fẹ́ ní ìrìn kan ṣoṣo. Bí asẹ́ bá ti ya, tàbí tí ẹnu ilé rẹ̀ kò bá dé dáadáa, eruku á wọ inú ẹ́ńjìnnì, á họ ríìngì, ẹ ó sì rí èéfín aláwọ̀ búlúù. Kí ẹ tó ra ọkọ̀, ẹ ṣí ilé asẹ́ náà fúnra yín. Bí kò bá ṣeé ṣí láìtú nọ́ọ̀tì mẹ́wàá, ẹ mọ̀ pé ẹ kò ní máa ṣí i. Bó bá jẹ́ asẹ́ fóòmù, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kó gbẹ, kí ẹ fi ọ́ìlì asẹ́ pa á, kí ẹ fún un. Pẹtiróòlù máa ń jẹ gọ́ọ̀mù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ lójú kan títí fáànù rédíétọ̀ yóò fi tan. Bí kò bá tan, ẹ má gba àlàyé.

Èyí tí a kì í sábà ronú lé: ní ẹ̀ẹ̀rùn, koríko gbígbẹ máa ń há sórí sàléńsà àti sórí irin tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó sì máa ń gbiná. Ẹ yan ọkọ̀ tí ọwọ́ lè wọ ibẹ̀, kí ẹ máa yọ koríko náà ní gbogbo ìdúró, kí ẹ má sì gbé e sórí koríko gíga nígbà tó bá gbóná.

Sàléńsà aláriwo tí àwọn kan ń pààrọ̀ sí i kò wúlò fún ọdẹ. Ẹran á ti sá kí ẹ tó dé.

Tòkunbọ̀ tí a kò yẹ̀ wò

Ẹ sọ fún olùtajà kó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé. Ẹ́ńjìnnì tutù ló ń sọ òtítọ́. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì jáde. Bó bá funfun bí ẹ̀kọ, omi ti wọ̀ ọ́. Ẹ yẹ ọ́ìlì dífù wò bákan náà. Ẹ gbé iwájú sókè, kí ẹ fi ọwọ́ kan di òkè táyà mú, èkejì ní ìsàlẹ̀, kí ẹ mì ín. Bó bá ń ró kọ̀-kọ̀, bẹ́ríǹ tàbí bọ́ọ̀lù jọ́ìńtì ti jẹ. Ẹ wo rọ́bà tó bo jọ́ìńtì áàsì bóyá ó ya. Ẹ tẹ bọ́tìnnì táyà mẹ́rin lórí yanrìn, kí ẹnì kan máa wo bóyá ti iwájú ń fà lóòótọ́. Ẹ fi nọ́ńbà ara ṣáásì wé ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù.

Láìronú ibi tí a ó ti wà á

Láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú Àbújá, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í sì í ṣe ọkọ̀ ọ̀dà. Táyà rẹ̀ rọ̀, kì í yí kọ́nà dáadáa lórí ọ̀dà pẹ̀lú eré. Nítorí náà ẹ ó máa gbé e lọ ni. Gígùn rẹ̀ sábà máa ń kọjá mítà méjì, fífẹ̀ rẹ̀ mítà kan àti díẹ̀. Ẹ fi tépù wọn ẹ̀yìn Hilux yín, ní pàtàkì àárín ibi tí táyà ti wú sókè, kí ẹ tó gbà pé yóò wọ̀ ọ́.

Ìpamọ́ ẹranko bíi Kainji àti Kamuku kì í ṣe ibi ìṣọdẹ rárá. Níbòmíràn, ẹ gba ìwé àṣẹ ìbọn àti ti ọdẹ lọ́wọ́ ìjọba, kí ẹ sì rí mai angwa, olórí abúlé náà, kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, nítorí ọ̀rọ̀ ààbò. Wọn kò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo ọkọ̀ tí wọn kò mọ olówó rẹ̀ nínú igbó lóru.

Ní ìkẹyìn, kí ẹ tó sanwó, ẹ gba nọ́ńbà bẹ́líìtì, asẹ́ ọ́ìlì, páàdì búréèkì àti rọ́bà jọ́ìńtì ọkọ̀ náà, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí oníṣòwò ẹ̀yà ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, ní Apo, Kaduna tàbí Èkó. Bí kò bá sí ẹni tó lè rí wọn fún yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, kí ẹ wá òmíràn.