Bí Kọ́ọ̀sì Kan Ṣe Sọ Ọdún Mẹ́rin Di Mẹ́rin Àbọ̀: Ìrírí Mi Lórí Oyè Méjì ní Melbourne

Físà akẹ́kọ̀ọ́ tí mo tún béèrè fún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, kò yẹ kí n béèrè fún un rárá. 1,600 dọ́là Australia ni owó ẹ̀ nígbà náà, tí dọ́là wọn kan sì ti ń lọ sí nǹkan bí ₦950. Ẹ ṣírò ẹ̀: ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà. N ò fìdí rẹmi nínú ìdánwò kankan, n ò sì pa kíláàsì jẹ. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ mi kò gbé kalẹ̀ lásìkò tó yẹ, òun ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò àtika oyè méjì pọ̀ mọ ibi tí ẹ̀gún wà kó tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ìmọ̀ ìbáṣepọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè ni oyè kìíní, ìmọ̀ ìròyìn ni èkejì. Ní Australia, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni èèyàn máa ń lò lórí irú oyè báyìí bó bá kà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bó bá pa wọ́n pọ̀, ọdún mẹ́rin ni, torí pé wọ́n ti yọ ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì àṣàyàn kúrò kí àwọn kọ́ọ̀sì dandan ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè gbà síbẹ̀. Ohun tí wọ́n fi ń polówó ẹ̀ náà nìyẹn, pé o jèrè ọdún méjì. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àyè tí wọ́n yọ yẹn gan-an ni ẹni tí kọ́ọ̀sì bá bọ́ mọ́ lọ́wọ́ ì bá fi tún ẹsẹ̀ ṣe. Bí kọ́ọ̀sì kan bá yẹ̀ nínú oyè méjì, kò síbi tí o máa gbé e sí.

Bí mo ṣe gba ìwé ìgbaniwọlé, IELTS (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì), Fọ́ọ̀mù A tí wọ́n fi ń ra owó òkèèrè ní báǹkì, ọ̀pọ̀ ti ṣe ìyẹn, n ò ní dúró lé e. Ìbàdàn ni mo ti ka ọdún kìíní, lọ́dún 2021. Ẹnu-bodè Australia ti wà ní títì láti oṣù Kẹta 2020 nítorí kòrónà, ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá 2021 ni wọ́n tó ṣí i fún àwa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Kíláàsì aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Melbourne, aago méjìlá òru ló ń bá wa nílé. Tó bá di oṣù Kẹrin tí wọ́n yí aago wọn padà, ó di aago kan. Bàbá mi máa ń jí dìde wá bu epo sí jẹnẹrétọ̀ kí Zoom má baà já. Mo yege nínú gbogbo kọ́ọ̀sì ọdún yẹn. Mo ṣiṣẹ́ fún un, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta.

Ọdún yẹn náà ni mo rí ìdí tí oyè méjèèjì fi yẹ kó jọ rìn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, Twitter yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ kúrò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ìjọba àpapọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé Twitter ní Nàìjíríà, wọn ò sì ṣí i títí di oṣù Kìíní 2022. Lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ìbáṣepọ̀, ọ̀rọ̀ àṣẹ tí ìjọba ní lórí ilẹ̀ ara ẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ àwọn olùkọ́ ìròyìn, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan ni, tó lè pa olórí orílẹ̀-èdè mìíràn lẹ́nu mọ́. Èmi wà láàárín méjèèjì, mo ń fi VPN, ètò tó ń jẹ́ kí èèyàn yẹ ìdènà orí ayélujára sílẹ̀, wọlé láti Bódìjà. Nígbà tí àwọn sójà gba ìjọba ní Niger ní oṣù Keje 2023, tí ECOWAS fi ìyà òfin jẹ wọ́n, tí àwọn sójà náà sì ti RFI àti France 24, ilé-iṣẹ́ ìròyìn Faransé méjì, pa lórílẹ̀-èdè wọn, mo kọ àpilẹ̀kọ gígùn lórí bí ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ṣe di ohun ìjà láàárín ìjọba sí ìjọba. High Distinction, máàkì tó ga jù lọ, ni wọ́n fún mi. Olùkọ́ mi ní kí n jẹ́ kí òun fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ohun tí oyè méjì lè ṣe fún èèyàn nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Kọ́ọ̀sì tó wá dá mi dúró yìí ń kọ́ni ní ọ̀nà ìwádìí. Ẹ̀ka ìbáṣepọ̀ sọ ọ́ di dandan, ó sì gbọ́dọ̀ ṣáájú iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń kọ́ ọ, ní sáà kìíní. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, mo ṣí táìmùtébù lórí fóònù nínú tráàmù tó ń gba Swanston Street lọ ní Melbourne, mo sì rí i: ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá sí méjìlá, ọ̀nà ìwádìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan náà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, iṣẹ́ sítúdíò fún oyè ìròyìn. Ìlà pupa yí méjèèjì ká, wọ́n kọ CLASH sí i lára, pé wákàtí méjèèjì forí gbárí. Mo wá wákàtí mìíràn títí, kò sí. Dandan sì ni wíwá sí sítúdíò, torí pé ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ la fi ń lo kámẹ́rà, bí ẹnì kan ò bá sí níbẹ̀, iṣẹ́ àwọn yòókù dúró.

Mo kọ̀wé sí ẹ̀ka ìbáṣepọ̀. Wọ́n ní kí n lọ bá ẹ̀ka ìròyìn kí wọ́n yí wákàtí sítúdíò padà. Ẹ̀ka ìròyìn ní sítúdíò kan ṣoṣo làwọn ní, ẹ̀ka ìbáṣepọ̀ ni kó wá nǹkan ṣe sí i. Mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, mo gba nọ́ńbà, mo jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn wo kọ̀ǹpútà ẹ̀, ó ní orúkọ mi wà lábẹ́ ẹ̀ka ìròyìn, òun ò lè fọwọ́ kan ohun tó jẹ mọ́ ẹ̀ka kejì. Mo ní ẹ̀ka wo ló ni mí gan-an? Ó ní méjèèjì. Mo ní ta ló wá lè dá mi lóhùn fún méjèèjì? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní òun máa fi ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe ń gbá mi síwá sẹ́yìn bíi bọ́ọ̀lù nìyẹn títí ìforúkọsílẹ̀ fi parí. Níkẹyìn, ẹ̀ka ìbáṣepọ̀ kọ ímeèlì sí mi pé kí n sún ọ̀nà ìwádìí sí 2024, pé kò ní dí mi lọ́wọ́ àtiparí lásìkò. Mo pa ímeèlì yẹn mọ́, òun ló padà gbà mí.

2024 dé, wọn ò gbé kọ́ọ̀sì náà kalẹ̀ ní sáà kìíní. Olùkọ́ tó ń kọ́ ọ wà lẹ́nu ìsinmi, wọ́n ti sún un sí sáà kejì, kò sì sẹ́ni tó kọ̀wé sọ fún wa. Inú pọ́tà, ojúlé ilé-ẹ̀kọ́ lórí ayélujára, ni mo ti rí i. Bí mo bá sì kà á ní sáà kejì, ìgbà wo ni mo máa ṣe iṣẹ́ àṣekágbá tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e? Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe méjèèjì pa pọ̀. Mo fi máàkì mi hàn wọ́n. Wọ́n ní òfin ò gbà á. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé èmi tí ó yẹ kó parí ní oṣù Kọkànlá 2024 máa padà wá ní 2025 nítorí kọ́ọ̀sì kan, mo máa san owó kọ́ọ̀sì yẹn, owó ilé oṣù mẹ́fà, àti ìnáwó ìlera tí ìjọba wọn fi dandan lé akẹ́kọ̀ọ́.

Ọmọ onílùú lè fara da ìyẹn. Ti àwa tó wá láti òkèèrè yàtọ̀. Ìwé kan wà tí wọ́n ń pè ní CoE, òun ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń sọ fún ìjọba pé ọwọ́ àwọn lo wà àti ọjọ́ tí o máa parí. Tèmi máa tán lópin 2024, físà mi sì máa kú ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta 2025. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó wà nínú Australia lè fi lẹ́tà ìgbaniwọlé lásán bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè físà. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 2025, wọ́n fòpin sí ìyẹn: kò sí CoE, kò sí físà. Mo béèrè CoE tuntun láti oṣù Kọkànlá. Obìnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní èmi ni mo yan bí mo ṣe tò kọ́ọ̀sì mi, ìyẹn kì í ṣe ìdí tí àwọn lè fi sún ọjọ́ síwájú. Lẹ́yìn náà, Kérésìmesì dé, wọ́n tilẹ̀kùn. Oṣù Kìíní ń lọ, mi ò rí oorun sùn.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Werribee lẹ́bàá Melbourne, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Mo pè wọ́n, omi ń bọ́ lójú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n láwọn ò fún mi ní ìwé."

"Àbúrò mi, gbẹ́nu dákẹ́ ná. Ṣé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ni àbí ẹnu ni wọ́n fi sọ ọ́?"

"Ẹnu ni, sà."

"Ẹnu ò ká a. Lọ ka National Code, ìpín kẹjọ. Tó o bá kà á tán, pè mí padà."

National Code 2018 ni ìlànà tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé níbẹ̀. Ìpín kẹjọ ní ilé-ẹ̀kọ́ kò gbọ́dọ̀ sún ọjọ́ ìparí akẹ́kọ̀ọ́ síwájú àfi bí ìdí pàtàkì bá wà. Nínú àpẹẹrẹ tí ìjọba fúnra ẹ̀ ṣe fún irú ìdí bẹ́ẹ̀, ọ̀kan ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ má lè gbé kọ́ọ̀sì tó gbọ́dọ̀ ṣáájú kalẹ̀. Mo kà á, mo tún un kà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an ló wà níbẹ̀.

Mo jókòó kọ lẹ́tà. Mo fi ímeèlì 2023 sí i, mo fi àwòrán táìmùtébù pẹ̀lú ìlà pupa sí i, mo fi ojú ewé pọ́tà tó ní kọ́ọ̀sì náà kò sí ní sáà kìíní 2024 sí i. Mo ní kí wọ́n kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ibi tí òfin ti gbà wọ́n láyè. Ọjọ́ 1 oṣù Kejì 2025 ni National Student Ombudsman bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè gbé ẹjọ́ lọ láìsan kọ́bọ̀. Mo kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà mi pé ibẹ̀ ni mò ń lọ bí n ò bá gbọ́ nǹkan. Ohun tí wọ́n ti ń fi dá mi dúró láti oṣù Kọkànlá, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ó fi yanjú. CoE tuntun wọlé sínú ímeèlì mi, kò sí "ẹ máa bínú" kankan níbẹ̀. Inú mi dùn, inú sì tún ń bí mi: ṣé wọ́n lè ṣe é kíákíá báyìí tẹ́lẹ̀?

Físà fúnra ẹ̀ kò le. Wọ́n ní ká dáhùn ìbéèrè nípa ìdí tí a fi fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́, ìdáhùn kan kò gbọ́dọ̀ ju 150 ọ̀rọ̀ lọ. Owó tí èèyàn máa fi hàn ni ìṣòro. 29,710 dọ́là ni wọ́n ń béèrè fún oúnjẹ àti ilé ọdún kan láti oṣù Kárùn-ún 2024. Ti oṣù mélòó kan ni wọ́n béèrè lọ́wọ́ mi, síbẹ̀, nígbà tí Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í san owó yìí ní 2021, dọ́là wọn kan kò tó ₦400. Wọ́n ta ilẹ̀ kan ní Àkóbọ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ, wákàtí 48 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lòfin gbà, n ò lè fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Owó físà yẹn sì ń ta mí lára jù torí 710 dọ́là ni kó tó di oṣù Keje 2024.

Físà ìdúródè, tí wọ́n ń pè ní Bridging Visa A, ni mo wà lórí ẹ̀ nígbà tí àbúrò mi ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá wà lórí ẹ̀ lè dúró, àmọ́ bó bá jáde kúrò nílùú láìgba oríṣi B, kò lè fi wọlé padà. N ò fẹ́ fi ìwé tí mo fi omijé gbà ta tẹ́tẹ́. Orí WhatsApp ni mo ti rí wọn tí wọ́n wọ aṣọ ẹbí, Màámi ń pe orúkọ mi sínú fóònù, ìlù ò jẹ́ kí n gbọ́ ìyókù.

Mo ṣe iṣẹ́ àṣekágbá náà lórí ìròyìn Hausa àti Faransé nípa ààlà Niger òun Nàìjíríà. Mo parí ní oṣù Kẹfà 2025. Oyè méjì ni, ó pé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó má wo ojú ìwé tó rẹwà tí wọ́n fi ń polówó. Kó béèrè kọ́ọ̀sì wo ló gbọ́dọ̀ ṣáájú èwo, kọ́ọ̀sì wo ni wọ́n ń kọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó sì tètè kó àwọn alẹ́ẹ̀kan-lọ́dún yẹn jẹ, ìbáà jẹ́ ní ọdún kejì, kó fi àwọn tó wà ní sáà méjèèjì sílẹ̀ de ìgbà tó bá yá. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kì í ṣe ọ̀rọ̀: bí wọ́n bá ti pe èèyàn tán, kó fi ímeèlì ránṣẹ́ pé "ohun tí ẹ sọ fún mi lónìí nìyí." Kó sì ní kí ẹ̀ka méjèèjì fọwọ́ sí ètò ọdún mẹ́rin kan náà, lórí ìwé kan náà, kó tó san owó sáà kìíní. Bí ẹ̀ka kan bá ní àwọn ò lè fọwọ́ sí i, kó ní kí wọ́n kọ ìdí ẹ̀ sílẹ̀.