Bí mo ṣe wá àyè PhD láti Òṣogbo, àti bí mo ṣe dúró de èsì

Bí mo bá ti sọ pé PhD lórí eré orí ìtàgé ni mò ń wá, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ṣé wọn ò ní nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni?" Àbúrò màmá mi kan tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi ìsìnkú, wọ́n ní kí n lọ kọ́ data, pé òun ló ń pawó lókè òkun báyìí. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà." Kí lèèyàn tún fẹ́ sọ? Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ ni pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá gbà sí PhD nínú lítíréṣọ̀, ìtàn tàbí eré orí ìtàgé kì í san owó ilé-ìwé. Ilé-ìwé ló ń gbé e, wọ́n á tún máa fún un lówó oúnjẹ àti owó ilé fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, òun náà á sì máa bá wọn kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Másítàsì gan-an ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn fi owó ara rẹ̀ ṣe. Níbẹ̀, èèyàn sì lè ti B.A. bọ́ sórí PhD tààrà. Ìdí tí mo fi fi másítàsì sílẹ̀ nìyẹn.

Oṣù Kẹjọ 2024 ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ti ń gbé ìlú. N ò tíì fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù kankan nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti wà lẹ́nu PhD tirẹ̀ ló yan iṣẹ́ fún mi lórí fóònù. Ó ní, "Má sọ fún wọn pé láti kékeré lo ti fẹ́ràn ìwé o. Ta ni ò fẹ́ràn ìwé nínú àwọn tó ń kọ̀wé sí wọn? Kí lo fẹ́ mọ̀ tí o wá a títí tí o ò rẹ́ni sọ ọ́ fún ẹ? Ìyẹn ni kí o lọ wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbà mí lákòókò ju gbogbo nǹkan tó kù lọ, mo sì gbà títí dòní pé òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Òṣogbo ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ní 1962 ni Dúró Ládiípọ̀, onítíátà, àti Ulli Beier, òyìnbó ọmọ Jámánì, dá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ nílùú yìí, àti pé ibẹ̀ ni àwọn ayàwòrán tí wọ́n ń pè ní Osogbo School ti jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo mẹ́ta nínú àwọn ayàwòrán náà: Jimoh Buraimoh, tí a mọ̀ mọ́ àwòrán bíìdì, ló ń bójú tó iná orí ìtàgé fún Ládiípọ̀. Twins Seven-Seven, ijó ló kọ́kọ́ ń jó fún ẹgbẹ́ náà. Muraina Oyelami ṣe eré pẹ̀lú wọn. Èmi wá ń bi ara mi pé, kí ni orí ìtàgé kọ́ ojú àwọn èèyàn wọ̀nyí kí wọ́n tó gbé búrọ́ọ̀ṣì? Àwọn òǹkọ̀wé nípa iṣẹ́ ọnà á kọ ti àwòrán, àwọn òǹkọ̀wé nípa eré á kọ ti Ládiípọ̀, ibi tí méjèèjì ti pàdé kì í sì í ju ìpínrọ̀ kan lọ nínú ìwé tí mo rí kà. Mo ti rí ìbéèrè mi nìyẹn.

Ó tún ní ohun kan tó mú kí ìbéèrè náà wúlò fún ẹni tó ń gbé níbí. Àkójọ àwọn ìwé àti fọ́tò Beier wà ní Centre for Black Culture and International Understanding (CBCIU), ní Òṣogbo níbí. Òmíràn wà ní Iwalewahaus, ní Bayreuth ní Jámánì, ilé tí Beier fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1981. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú statement of purpose mi, ìwé tí èèyàn fi ń sọ ìwádìí tó fẹ́ ṣe: ohun tí mo fẹ́ mọ̀, ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà, ìdí tí èmi fi lè kà á (mo gbọ́ Yorùbá, mo gbọ́ oríkì, àwọn kan lára àwọn tó wo eré náà lójú ara wọn sì ṣì wà láyé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun), àti olùkọ́ tó wà lọ́dọ̀ wọn tí iṣẹ́ rẹ̀ bá tèmi mu. Ojú-ìwé méjì péré. Ọ̀rọ̀ bí màmá mi ṣe ń tajà ní Ọjà Ọba láti fi rán mi níwèé kò sí níbẹ̀, nítorí àwọn ilé-ìwé kan ń béèrè personal statement, ìtàn ara ẹni, lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni mo fi í sí.

Ọ̀rọ̀ yíyan ilé-ìwé, ìbéèrè yẹn ló bá mi yàn án. Orúkọ ńlá ò tó. Ẹ̀ka African Cultural Studies wà ní University of Wisconsin–Madison, irú iṣẹ́ yìí ò sì lè ṣàjèjì sí wọn. Àmọ́ níbòmíì, ẹ̀ka Theatre ni màá lọ, níbòmíì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀ka ìtàn iṣẹ́ ọnà. Ìbéèrè kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí mo gbà wọlé yàtọ̀, nítorí náà statement ò lè jẹ́ ọ̀kan náà. Fún àwọn Theatre, Ládiípọ̀ ló ṣíwájú. Fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, Buraimoh ni. Mo kọ ímeèlì kúkúrú sí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan pé ṣé wọ́n ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún yìí. Àwọn kan dáhùn, àwọn kan ò dáhùn, kò sì túmọ̀ sí nǹkan kan: ìgbìmọ̀ ló ń yan èèyàn nínú Arts, kì í ṣe ẹnì kan.

Ní oṣù Kọkànlá ni ìròyìn kan gbòde pé Boston University ò ní gba ẹnikẹ́ni sí PhD fún 2025 nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka lítíréṣọ̀, ìtàn àti irú wọn. Ẹ máa wo ojú-ìwé ẹ̀ka náà gan-an kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù.

Àpẹẹrẹ iṣẹ́ kíkọ, èyí tí wọ́n ń pè ní writing sample, ni mo fún ní àkókò jù lẹ́yìn ìbéèrè yẹn. Ojú-ìwé bíi 15 sí 25 ni ọ̀pọ̀ ń fẹ́. Prójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fẹ́ ka orí kìíní tó ń to "ohun tí àwọn onímọ̀ ti sọ" lẹ́sẹẹsẹ. Orí kan ṣoṣo ni mo yọ, mo tún un kọ kó lè dá dúró, mo fi ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo fà yọ, mo sì gbé ohun tí mo ń jà fún síwájú, ní ojú-ìwé kìíní. Statement lè ṣèlérí, ẹnikẹ́ni ló lè ṣèlérí. Iṣẹ́ kíkọ yìí ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá èèyàn lè ṣe é. Bí wọ́n bá ní kí n fún ẹnì kan ní ìmọ̀ràn kan péré, èyí ni màá fún un.

Lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ mẹ́ta náà tún wà níbẹ̀. Ní tiwa níbí, kì í ṣe ímeèlì lásán lèèyàn ń fi bẹ olùkọ́ rẹ̀. Mo lọ kí wọn, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí wọ́n fi ráyè. "Ẹ káàsán, sà. Ẹ kú iṣẹ́, sà. Àdúrà yín ni mo wá gbà, àti lẹ́tà." Ọ̀kan rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ wá kí àwọn fọwọ́ sí i. Irú rẹ̀ wọ́pọ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ ojú-ìwé kan tó máa rán wọn létí ni: kọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ mi, iṣẹ́ tí mo ṣe fún wọn, ohun tí wọ́n sọ nípa rẹ̀ nígbà yẹn, àti ìbéèrè mi. Wọ́n gbà. Lẹ́tà tí olùkọ́ kọ fúnra rẹ̀ máa ń dún yàtọ̀, àwọn tó ń kà á sì mọ̀ ọ́n. Nǹkan kékeré kan tún wà: ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń fẹ́ ímeèlì tó ní orúkọ yunifásítì nínú, Yahoo ò wù wọ́n. Líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ sì máa ń sá wọ inú spam. Mo máa ń pè láti rán wọn létí, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, lọ́sẹ̀ méjì sí gbèdéke.

Transcript, ìwé èsì gbogbo kọ́ọ̀sì tí mo ṣe, fẹ́ fi ojú mi rí nǹkan níbi tí mo ti gboyè. Ohun tó gbà mí ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́hùn-ún ò béèrè èyí tí wọ́n lẹ̀ pa nígbà tí èèyàn bá ń forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀dà tí a yà ti tó. Bí wọ́n bá gbà ọ́ tán ni wọ́n á béèrè ojúlówó. GRE, ìdánwò ìwọlé, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka Arts ti pa á tì. TOEFL, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ béèrè bóyá wọ́n á yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹni tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ní Nàìjíríà, àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Owó fọ́ọ̀mù ni ojú ti máa ń là. $75, $100, $125. Lópin 2024, dọ́là kan ti lé ní ₦1,500, ìyẹn ni pé fọ́ọ̀mù $100 kan ju owó oṣù méjì òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦70,000 tíjọba pè ní èyí tó kéré jù lọ. Mo kọ̀wé sí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, mo bi wọ́n bóyá wọ́n lè fojú fo owó náà. Àwọn kan ní ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ni, àwọn kan sì fún mi ní kóòdù lọ́jọ́ kejì. Ilé-ìwé tó kọ̀, tí n ò sì lówó rẹ̀, mo yọ ọ́ kúrò. Àwọn tó kù, káàdì dọ́là orí fóònù ni mo fi san án.

Gbèdéke ọ̀pọ̀ wọn bọ́ sí ìdajì kìíní oṣù Kejìlá. Aago 11:59 alẹ́ ní New York jẹ́ 5:59 àárọ̀ ọjọ́ kejì ní Òṣogbo. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé wákàtí mẹ́fà yẹn. Iná ò mọ gbèdéke, nẹ́tíwọ̀kì ò mọ̀ ọ́n. Ilé káfé kan ní Òkè-Fìà tó ní jẹnẹrétọ̀ ni mo ti fi gbogbo tèmi ránṣẹ́ lọ́sàn-án gangan.

Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́. Láti ìparí oṣù Kìn-ín-ní sí oṣù Kẹta ni èsì máa ń bọ́ sílẹ̀, kì í sì í wá lọ́jọ́ kan náà. Ímeèlì kì í sọ èsì. Á kàn ní ohun tuntun wà lórí portal rẹ, ojú-ìwé tí o ti forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí o wọlé lọ wò ó. Torí pé ọ̀sán wọn ni alẹ́ wa, ìgbà tí mo bá ti fẹ́ sùn ni fóònù máa ń dún. Màmá mi á ní, "Ṣé àwọn òyìnbó yẹn ti fèsì?" Tí mo bá ní rárá, wọ́n á ní, "Ẹni tó máa gbà ọ́ ń ronú lọ́wọ́ ni." Kíkọ̀ ló kọ́kọ́ dé, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ wọn dùn-ún kà débi tí èèyàn á kà á dé ìdajì kó tó mọ̀ pé wọ́n ti ní kó máa lọ.

Oṣù Kejì 2025 tún bá tirẹ̀ wá. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn máa gé owó tó ń bá ìwádìí ìlera wá fún àwọn yunifásítì. Ẹni tó ń wá eré orí ìtàgé lè ní kí ló kan òun níbẹ̀, ṣùgbọ́n àpò kan náà ni gbogbo wọn ń ná. University of Pennsylvania dín iye àwọn tó máa gbà sí PhD kù, ó sì kan ẹ̀ka Arts. Nígbà tí mo ka ìyẹn, mo gbà iṣẹ́ ìkọ́ni ní ilé-ìwé girama aládàáni kan lágbègbè Ògo-Olúwa, mi ò dá a dúró de ẹnikẹ́ni mọ́. Mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń dúró de èsì ní ohun tó ń gbà á lọ́wọ́ láàárọ̀.

Ẹ̀ka kan ní kí n wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò lórí Zoom. Olùkọ́ mẹ́ta ni. Wọn ò béèrè máàkì mi rárá. Ìkan ní, "O sọ nínú iṣẹ́ rẹ pé iná orí ìtàgé wà nínú àwọn bíìdì Buraimoh. Báwo lo ṣe fẹ́ fi hàn pé kì í ṣe ìwọ lo fi sí i?" Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mo dáhùn débi tí mo lè dáhùn dé, mo sì sọ ibi tí màá ti wá èyí tó kù.

Àwọn wọ̀nyẹn ló gbà mí, ní oṣù Kẹta, pẹ̀lú owó ọdún márùn-ún. Ilé-ìwé míì fi mí sórí wait list, ìwé orúkọ àwọn tó ń dúró bóyá àyè á ṣí. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ni àwọn ilé-ìwé tó fọwọ́ sí àdéhùn Council of Graduate Schools, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ìwé tó ń kọ́ másítàsì àti PhD, fi ṣe gbèdéke ìdáhùn, wọn ò gbọ́dọ̀ fipá gba ìdáhùn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n fún lówó ṣáájú ọjọ́ náà. Mo fi àárín àsìkò yẹn bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ sọ̀rọ̀: ṣé owó yẹn ń tó san owó ilé, kí ló ń ṣẹlẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí ìkọ́ni? Ìdáhùn wọn tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fọwọ́ sí i, mo sì kọ̀wé sí àwọn oní-wait-list pé kí wọ́n yọ orúkọ mi, kí ẹlòmíì lè rí àyè.

I-20, ìwé tí ilé-ìwé fún mi láti fi wá físà akẹ́kọ̀ọ́, dé ní 2025 yẹn. Mo san $350 ti SEVIS, owó ìforúkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, mo kọ DS-160, fọ́ọ̀mù físà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọjọ́ físà ní Èkó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àbúrò màmá mi pè. Wọ́n ní bí mo bá débẹ̀, ṣé wọn ò lè jẹ́ kí n fi data díẹ̀ kún un.