Bí mo ṣe gba àlejò lọ́gbà àjàrà tí kò ní èso

Bàbá tó ni ọgbà ló gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́: kí n gba àwọn àlejò ọjọ́ tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún ìgbà ìrúwé, kí n mú wọn yí oko ká, kí n sì bu wáìnì fún wọn tọ́ wò. Mo rò pé wáìnì ni wàhálà ibẹ̀. Àṣé àjàrà ló fẹ́ dójú tì mí.

Kò sí èso kankan lórí igi. Ẹni tó bá gbọ́ ọgbà àjàrà, ṣìrì dúdú tó so rọ̀ ló ń retí, ìyẹn sì tún di nǹkan bí oṣù márùn-ún sí mẹ́fà. Ohun tí mo ní nílẹ̀ ni kùkùté lọ́wọ̀ọ̀wọ́ tó rí bí igi ìdáná, tí wọ́n ti rẹ́ ẹ̀ka rẹ̀, tí wọ́n so ìwọ̀nba tó kù mọ́ wáyà. Kí ni mo fẹ́ fi han èèyàn níbẹ̀?

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, mo jí lọ sóko lémi nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Lójú ibi tí wọ́n ti gé ẹ̀ka, omi ń sun. Á kóra jọ, á wú, oòrùn á mú un kọ mànà, á wá já bọ́ tó! Lórí gbogbo igi tó wà ní ìlà yẹn. Mo fi ìka gbà á, mo tọ́ ọ lá: bí omi lásán ni.

Bàbá rẹ́rìn-ín. “Ó ń sunkún ni. Ilẹ̀ ti ń móoru, gbòǹgbò ti jí, ó ń ti omi sókè, ewé tó máa gbà á ni kò tíì sí.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún ètò mi tò. Mo ti fẹ́ kó àlejò wọ yàrá àgbá tààrà. Mo yí i padà, oko la ó kọ́kọ́ dé.

Ìyọnu kan fẹ́ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó ku òru méjì, òtútù já lu oko, àwọn àjàrà tó ń tètè jí sì ti yọ ọ̀mùnú. Ṣe ni wọ́n ń wọ́n omi sí wọn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo ní ìyẹn kọ́ ló máa pa wọ́n? Bàbá ní bí omi bá ń di yìnyín, ó máa ń tú ooru díẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí òtútù jó ọ̀mùnú inú rẹ̀. Láàárọ̀, gbogbo ẹ̀ka wà nínú dígí.

Lọ́jọ́ náà, oòrùn yọ. Òdòdó músítádì ti pọ́n yòò láàárín àwọn ìlà, oyin ń kùn, àwọn onílù ti ń lù lábẹ́ igi. Ìlà tó ń pẹ́ jí ni mo mú wọn lọ, torí òun ló ṣì ń sunkún. Ariwo dákẹ́ níbẹ̀.

Ibi wáìnì ni mo ti ṣìṣe. Ìgò kan jẹ́ mìlílítà 750. Bí èèyàn bá ń bu 50, ó yẹ kó kárí èèyàn 15. Èmi bù ú bí ẹní ń ṣàlejò àna, èèyàn mẹ́jọ ni ìgò àkọ́kọ́ kárí. Ọmọ Bàbá obìnrin rọra gba ìgò lọ́wọ́ mi: “Bọ̀dá, títọ́wò la ní, a ò ní mímu.” Òun ló bu ìyókù.

Mo bá lọ wá àwọn tó ṣẹ́ kù lóko. Ọmọdé kan ṣì wà nídìí igi àjàrà, ó ta àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹ̀ka, ó ń ka omi. Ìyá rẹ̀ ní kó jẹ́ kí àwọn lọ wo onílù. Ó ní ó di ogún.