Títọ́jú Òkúta Ìpìlẹ̀ àti Àpótí Ìrántí Nígbà tí Ẹ Bá Ń Tún Ṣọ́ọ̀ṣì Ṣe

Ogun Ìmàgbọn ọdún 1892 ló ṣí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sílẹ̀ fún àwọn ajíhìnrere, púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn baba wa sì kọ́ lẹ́yìn rẹ̀, láti Ìjẹ̀bú-Òde títí dé Ṣàgámù, ti wọ ọjọ́ orí àtúnṣe báyìí. Ohun tó ń dùn mí ni pé inú iṣẹ́ àtúnṣe gan-an ni òkúta ìpìlẹ̀ ti ń sọnù: wọ́n á rẹ́ ògiri bò ó, tàbí kí wọ́n lẹ táìlì lé e, kò sì ní pẹ́ tí kò fi ní sí ẹni tó rántí ibi tó wà.

Kí òòlù tó kan ògiri, ẹ ya fọ́tò òkúta náà, kí ẹ sì da ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà fún lẹ́tà, pẹ̀lú àṣìṣe tó bá wà níbẹ̀. Ẹ yẹ ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìjọ wò, ẹ sì bi àwọn àgbà ìjọ léèrè, nítorí àpótí ìrántí, èyí tí àwọn tó kọ́lé kó ìwé àti nǹkan ìgbà wọn sí fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn, lè wà lẹ́yìn òkúta tàbí lábẹ́ rẹ̀ láìsí àmì kankan lóde. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn kọngilá pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan òkúta náà láìjẹ́ pé wọ́dìn kan wà níbẹ̀.

Omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ti tó láti fi fọ̀ ọ́. Ásíìdì tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń fọ táìlì máa ń jẹ òkúta mábù. Bó bá di dandan kí ògiri náà wó, kí bíríkìlà rọra gbẹ́ sìmẹ́ńtì tó yí òkúta ká, kó yọ ọ́ ní odindi, kó sì tún un tò sí ara ògiri tuntun níbi tí ojú á ti máa rí i. Òkúta ọdún àtúnṣe lè wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó rọ́pò rẹ̀, bó ti wù kí orúkọ àwọn tó dáwó pọ̀ tó.

Bí àpótí àtijọ́ bá jáde, ẹ má ṣí i lórí iṣẹ́. Ní Boston, ní Amẹ́ríkà, ohun ìrántí tí Samuel Adams, gómìnà ìgbà náà, àti Paul Revere, alágbẹ̀dẹ fàdákà, fi sábẹ́ òkúta igun ilé ìjọba ìpínlẹ̀ ní 1795 tún jáde ní 2014, nígbà tí wọ́n ń tún ibi tí omi ń gbà wọlé ṣe. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú nǹkan àtijọ́ ló ṣí i ní 2015. Bí ìwé inú tiyín bá ti rin, ẹ má ya ewé rẹ̀ sọ́tọ̀: ẹ fi ọ̀rá mímọ́ wé e, ẹ gbé e sínú fírísà kí èbu má bàa mú un, kí ẹ sì wá ìmọ̀ràn ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Ìbàdàn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi àpótí tuntun tiyín sílẹ̀, omi náà ni ọ̀tá rẹ̀. Ní Tulsa, ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Plymouth tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ bí ohun ìrántí sínú kòtò oníkọnkéré ní 1957 ti dípẹtà nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní 2007. Nítorí náà, ẹ má ri àpótí yín mọ́lẹ̀. Inú ògiri ni kí ẹ fi í sí, lókè ibi tí ọ̀rinrin ilẹ̀ ń dé. Irin tí kì í dípẹtà ni kí wẹ́dà fi ṣe é, kí sílíkà jẹ́ẹ̀lì tó ń fa ọ̀rinrin wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì jó ẹnu rẹ̀ pa lọ́jọ́ tí ọ̀yẹ́ bá mú kí afẹ́fẹ́ gbẹ.

Ní ti ohun inú rẹ̀, ẹ ro ohun tí àwọn ọmọ ọmọ wa kò ní rí níbòmíràn. Bíbélì kò ní wọ́n wọn. Ìwé ètò ìkórè ọdún yìí, orúkọ àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí kan náà) tó dáwó, pílánù ilé, iye tí a ra sìmẹ́ńtì, orúkọ àwọn bíríkìlà àti káfíńtà, àti fọ́tò tí ẹ fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sí lẹ́yìn, ni yóò ṣọ̀wọ́n. Rìsíìtì POS máa ń ṣá, ìwé ìròyìn sì máa ń pọ́n kó sì rún, nítorí náà ẹ ṣe ẹ̀dà wọn sórí pépà tó dára. Ẹ má fi rọ́bà tàbí pín-ìn-nì di nǹkan kan, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fláàṣì kọ̀ǹpútà. Òróró ìyàsímímọ́ kò gbọ́dọ̀ wọnú àpótí. Ẹ ta á sórí òkúta bí Jékọ́bù ti ṣe ní Bẹ́tẹ́lì.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ kọ ibi tí àpótí wà, ohun inú rẹ̀ àti ọdún tí wọ́n máa ṣí i sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọ, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì dáyósíìsì, kí ẹ sì fín ọdún ìṣísílẹ̀ náà sára òkúta.