Bí mo ṣe bá àwọn tó ni géèmù fà á nítorí Linux

Òru mẹ́rin ni mo fi dáńlóòdù géèmù yẹn, 40GB, torí dátà òru lowó ẹ̀ rọjú. Mo tẹ̀ ẹ́ ní yàrá mi l'Ájílòsùn, àwòrán jáde, orin ń dún. Bí mo ṣe ní kí n wọlé bá àwọn yòókù jà báyìí, wọ́n tì mí síta. Anti-cheat, ìyẹn ohun tó ń ṣọ́ àwọn olójóró, ló ní òun ò gbà mí. Èmi tí mi ò ṣe ojóró rí, títí kan ayò ọlọ́pọ́n!

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ò ju pé Linux ni mò ń lò, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi ti Windows. Nígbà tí ìtọ́jú Windows 10 dópin ní October 14, 2025, kọ̀ǹpútà mi ò ní TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò tí Windows 11 ń béèrè, n ò sì lówó òmíràn, ni mo bá bọ́ sí Linux. Proton, ètò tí ilé iṣẹ́ Valve gbé jáde ní 2018, ló ń bá mi ṣí géèmù Windows lórí Linux, wọ́n sì ń lọ geere.

Ohun tó ká mi lára ni pé nǹkan yìí ò le. Láti 2021 ni Easy Anti-Cheat àti BattlEye, méjì nínú àwọn anti-cheat, ti lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ Proton, àmọ́ ẹni tó ni géèmù ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ti BattlEye tiẹ̀ rọrùn jù: kí wọ́n sáà ránṣẹ́ sí BattlEye pé kó ṣí i. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló wà nínú géèmù mi. Mo bá kọ̀wé sí àwọn tó ni ín.

Èsì àkọ́kọ́: kí n pa antivirus. Mo ní Linux ni mò ń lò. Èsì kejì: kí n fi fáìlì DxDiag ránṣẹ́. Inú Windows ni DxDiag tó ń ṣàyẹ̀wò kọ̀ǹpútà wà! Ṣé wọ́n máa ń ní kí ọlọ́kadà fi bẹ́líìtì ìjókòó ẹ̀ hàn ni? Mo tún ṣàlàyé. Èsì kẹta: kí n yọ géèmù náà kúrò, kí n tún un dáńlóòdù. 40GB! Inú bí mi, mo kọ ojú ìwé méjì gbáko, èébú ló pọ̀ jù níbẹ̀.

Àbúrò mi kà á, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ lẹ̀ ń bú yìí?" Ó ní ẹ̀rù ń bà wọ́n ni, pé ní 2024 àwọn tó ni géèmù Apex Legends tilẹ̀kùn mọ́ Linux, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn olójóró ń gbà wọlé.

Mo pa á rẹ́. Ìlà mẹ́fà ni mo kọ: irú Linux mi, nọ́ńbà Proton, ọ̀rọ̀ tó yọ lójú kọ̀ǹpútà gẹ́lẹ́, orúkọ anti-cheat náà, pé wọ́n lè ṣí i, pé kí wọ́n gbé e fún àwọn ẹnjiníà. N ò dárúkọ owó rárá. Ọjọ́ kọkànlá, èèyàn gidi fèsì, ó forúkọ ẹ̀ sí i.

Ká ní mo ti wo ProtonDB, ìkànnì táwọn èèyàn ti ń sọ bí géèmù ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, kí n tó sanwó ni, wàhálà yìí ì bá má wáyé. Ọjọ́ 14 téèyàn fi lè gbowó padà sì ti kọjá níbi tí mo ti ń bá wọn takurọ̀sọ.

Ní Friday tó kọjá, ó ṣí. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi yìnbọn pa mí. Mo pariwo ayọ̀ débi tí ìyá onílé fi kanlẹ̀kùn.