Ọ̀gà kì í mu omi inú abọ́

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń sin ọ̀gà, ìyẹn alágẹmọ, nínú àpótí tó gbin ewéko sí, ẹ má kàn gbé abọ́ omi síbẹ̀ kí ẹ sì rò pé ó ti tán. Ọ̀pọ̀ ọ̀gà kì í ka omi tó dúró lójú kan sí. Ẹ̀kán omi tó ń dán lórí ewé ni wọ́n máa ń lá. Ẹ fi ike ìfọ́nmi fọ́n ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì ṣe é pẹ́ díẹ̀, nítorí ọ̀gà ò mọ kánkán. Ó lè wo omi náà títí kó tó yọ ahọ́n.

Ẹ jẹ́ kí ewé gbẹ kí ẹ tó tún fọ́n òmíràn. Àpótí tó ń rin gbindin látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí atẹ́gùn ò ráyè wọ̀, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn alá-wáyà ju onígíláàsì lọ.

Ẹ máa wo ìgbẹ́ rẹ̀ náà. Ìtọ̀ rẹ̀, ìyẹn apá tó le níbẹ̀, yẹ kó funfun. Tó bá ti pọ́n bí ọsàn, tí ojú ọ̀gà náà sì jìn wọnú, omi ò tó o.

Àti pé ẹyọ kan ṣoṣo nínú àpótí kan, ẹ jọ̀ọ́.