Àwọ̀n kọ́ ni igbó: àṣìṣe àwọn tó ń wọn omi kùrukùru

Ó ń dùn mí gan-an tí mo bá rí àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó gun òkè lọ wọn omi igbó kùrukùru, ìyẹn igbó orí òkè tí kùrukùru sábà máa ń bò, tí wọ́n ná owó ìwádìí tán, tí iye tí wọ́n mú bọ̀ kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Èkíní, ẹ má gbára lé ike ìwọn òjò nìkan. Ẹ̀kán omi inú kùrukùru kì í sábà fẹ̀ ju mìlímítà 0.05 lọ. Kì í já bọ́ bí òjò. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e gba orí ẹnu ike kọjá, títí yóò fi kọlu ewé, ẹ̀ka àti àfòmọ́.

Èkejì, ẹ má kọ òdo síbi tí ẹ̀rọ ti kú. Òdo túmọ̀ sí pé omi kò rọ̀. Ẹ fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo.

Ẹ̀kẹta ló ń bí mi nínú jù: àwọ̀n tí wọ́n ń ta sójú afẹ́fẹ́ láti fi gba omi kùrukùru. Lọ́dún 1994, àwọn olùwádìí méjì, Schemenauer àti Cereceda, ṣàlàyé àwọ̀n kan tí gbogbo ayé lè lò bákan náà: mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi mítà 2 ga ju ilẹ̀ lọ. Iṣẹ́ rere ni, ó ń jẹ́ ká lè fi òkè kan wé òmíràn. Àmọ́ kí ni àwọn èèyàn wa ń ṣe? Lítà 5 láti ara àwọ̀n á di mìlímítà 5, wọ́n á rò ó mọ́ òjò, wọ́n á ní iye tí igbó fún wa nìyẹn. Àwọ̀n dúró lóòró. Ilẹ̀ tí òjò ń rọ̀ sí tẹ́ pẹrẹsẹ. Igi kì í sì í ṣe àwọ̀n: ewé kan fara pa mọ́ sẹ́yìn òmíràn, àfòmọ́ ń fa omi mu bíi kànrìnkàn.

Èmi náà ṣe é rí. Nínú ìwádìí mi àkọ́kọ́, iye ara àwọ̀n ni mo kà fún àwọn àgbẹ̀ tó ń lo odò tó ti òkè náà ṣàn wá. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò fà ju bí mo ṣe sọ lọ. Bàbá kan bi mí pé, “Omi tó o kà fún wa dà?” N kò ní èsì. Ọdún kan gbáko ni mo fi tún iṣẹ́ náà ṣe.

Ohun tó yẹ kí n ti ṣe kò wọ́nwó: kí n wọn omi tó ń kán láti ara ewé àti èyí tó ń ṣàn gba ara igi sílẹ̀, kí n fi wé òjò ìta. Tí omi abẹ́ igi bá ju òjò ìta lọ, kùrukùru ló mú èlé náà wá, ó kéré tán, torí díẹ̀ ti gbẹ lórí ewé kó tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ afẹ́fẹ́. Lórí góńgó òkè, ó máa ń gbá òjò kọjá ẹnu ike. Òjò ìta á kéré lójú, èlé kùrukùru á sì tóbi ju bó ti yẹ lọ.

Ike méjì mẹ́ta kò tó lábẹ́ igi. Ibì kan wà tí ewé ń da omi sí wààràwà. Ẹ gbẹ́sẹ̀ méjì, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Owó ẹ̀rọ ńlá kan á ra ọ̀pọ̀ ike. Ẹ máa ṣí wọn nípò kiri.

Ẹ má yá iye ibòmíì lò. Nínú iṣẹ́ tí olùwádìí kan, Dawson, gbé jáde lọ́dún 1998, nǹkan bí ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún omi tó ń wọ igbó redwood, ìyẹn àwọn igi gíga fíofío, ní California, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún ló jẹ́ kùrukùru tó kán láti ara igi. Òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òkè tí òjò ń rọ̀ sí jálẹ̀ ọdún kò rí bẹ́ẹ̀.

Tí ẹ bá ń pín dátà, ẹ kọ gíga ike, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, àti aago tí ẹ tẹ̀ lé. Mo ti gba dátà tí kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó pa á tì.

Ẹ sì mú èsì dé pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ní Monteverde, òkè tó ní igbó kùrukùru ní orílẹ̀-èdè Costa Rica, ìwádìí tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé gígé igbó ìsàlẹ̀ lè mú kí ìkùukùu máa ga ju òkè lọ. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn tó ń dáko níbẹ̀. Ẹ pè wọ́n jókòó, kí ẹ ka iye tó lè kéré jù àti èyí tó lè pọ̀ jù fún wọn, ẹ má ka iye kan ṣoṣo.